Àgbéyẹ̀wò: tátù àwọn ará Marquesas lára aláwọ̀ dúdú

Tátù láti èjìká dé ìgúnpá ni mo gbà, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Papeete ní erékùṣù Tahiti, níbi tí wọ́n ti ń fín àwòrán àwọn ará Marquesas, àwọn erékùṣù kan nínú Òkun Pàsífíìkì bíi Tahiti. Iṣẹ́ náà dára, ó sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúdú dáadáa ní ohun tó yẹ kó bá wọn sọ kó tó san àsansílẹ̀.

Wọn kì í gbé ìwé àwòrán síwájú oníbàárà pé kó mú èyí tó wù ú. Ìbéèrè ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: ọmọ mélòó lẹ bí, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, ta lẹ fẹ́ fi rántí? Enata, àwòrán èèyàn kéékèèké, ni wọ́n fi ń ṣe mọ̀lẹ́bí. Tí wọ́n bá tò ó pọ̀ ní ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ, ó di àwọn baba ńlá tó ń ṣọ́ni látòkè. Niho mano, eyín ṣáàkì onígun mẹ́ta, wà fún ààbò àti agbára. Ẹ má bá wọn jiyàn pé ohun tí ẹ kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀. Karl von den Steinen, ọmọ Jámánì tó lọ kó àwọn àwòrán yìí jọ ní Marquesas ní 1897 àti 1898, gan-an rí i pé ẹnu kì í fìgbà gbogbo kò lórí orúkọ àmì kan náà.

Wọ́n tún mọ ohun tí wọn kì í ṣe, èyí sì wù mí. Wọn ò ní fi pe'a, tátù ìbílẹ̀ àwọn ọkùnrin Samoa tó máa ń ti ìbàdí dé orúnkún, tàbí moko, tátù ojú àwọn Māori ilẹ̀ New Zealand, kún un. Moko so mọ́ ìran ẹni, bí ilà ojú ṣe ń sọ ilé tí èèyàn ti wá lọ́dọ̀ wa.

Orí awọ gan-an ni wọ́n ń ya á sí, nítorí èjìká yípo, bébà tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò lè jókòó lórí rẹ̀ kí ìlà má wọ́. Ẹ dúró, kí apá rọ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yà á. Èyí tí wọ́n yà nígbà tí apá wà lókè máa lọ́ tó bá sọ̀kalẹ̀. Pẹ́ẹ̀nì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n kọ́kọ́ lò kò hàn lára mi rárá. Funfun àti pupa ló hàn, àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá nu ẹ̀jẹ̀ ló ń parẹ́, wọ́n sì ń tún un yà. Mi ò fẹ́ràn ìyẹn.

Àlàfo tí wọn kò fín ló ń jẹ́ kí àwòrán yìí hàn. Lára wa, ìyàtọ̀ tó wà láàárín tàdáwà àti awọ kò pọ̀, tàdáwà sì máa ń tàn kálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bọ́dún ṣe ń gorí ọdún. Àlàfo tí kò tó mìlímítà 2 á pa dé. Àwòrán àkọ́kọ́ tí wọ́n yà há jù. Ẹ ní kí wọ́n dín àmì kù, kí wọ́n mú èyí tó kù tóbi. Ẹ má gba àwọ̀ eérú, ìdọ̀tí ló máa jọ.

Ìlà ni wọ́n kọ́kọ́ ń fà, kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ fífẹ̀ kún inú rẹ̀. Ìwọ̀n mìlímítà 1 sí 2 ló yẹ kí tàdáwà wọlé. Tó bá jìn jù, á tàn kọjá ìlà. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n awọ kì í tètè hàn, onítátù lè máa padà síbì kan náà léraléra láìmọ̀ pé ó ti ń bó. Èépá nípọn níbẹ̀, tàdáwà á sì bá èépá jáde. Ẹni tí àpá rẹ̀ máa ń wú kọjá ojú ọgbẹ́, kó jìnnà sí i.

Abẹ́rẹ́ tuntun ni wọ́n ń tú níṣojú ẹni, ìbọ̀wọ́ sì ni wọ́n ń pààrọ̀ lemọ́lemọ́. Ìwé ìtọ́jú wọn ló kúrú jù: ọṣẹ tí kò ní òórùn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìpara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ má wọ òkun fún bí ọ̀sẹ̀ 3. Wọn kò mẹ́nu ba oòrùn, ní Tahiti! Àtúnṣe ọ̀fẹ́ wà, àmọ́ ó di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, nígbà tí àlejò ti padà sílé. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ tàdáwà àti ìwọ̀n abẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún yín, kí onítátù ìlú yín lè rí i lò.