Tábìlì tẹníìsì tí wọ́n ń kàn ní Àkúrẹ́: ó lágbára, àmọ́ orúnkún ò wọlé

Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan wà lójú ọ̀nà Oǹdó ní Àkúrẹ́ tó máa ń bá ilé ìwé àti kílọ́ọ̀bù kan tábìlì tẹníìsì. Iṣẹ́ wọn le dáadáa, tábìlì wọn kì í mì, owó rẹ̀ sì kéré sí ti èyí tó ti òkè òkun wá. Fún ọmọ ilé ìwé tó ń fẹsẹ̀ dúró gbá a, kò sí ẹjọ́ wí. Àmọ́ akàndá tó ń gbá a láti orí kẹ̀kẹ́ arọ, tó sì ń fojú sọ́nà fún ìdíje àgbáyé, kò gbọdọ̀ rà á bó ṣe wà yẹn. Gbogbo àtúnṣe tó nílò ló ṣeé sọ fún wọn kí wọ́n tó gbé ayùn sí pákó.

Ẹsẹ̀ tábìlì ni wàhálà àkọ́kọ́. Òfin ITTF, àjọ tó ń darí eré yìí lágbàáyé, sọ pé ẹsẹ̀ tábìlì tí àwọn tó ń jókòó máa lò gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán 40 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí etí ìparí tábìlì. Igun gan-an ni ṣọ́ọ̀bù yìí ń gbé ẹsẹ̀ sí, bíi tábìlì ìjẹun, wọ́n á tún fi pákó 2×3 (ínǹṣì méjì sí mẹ́ta) so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ nísàlẹ̀. Ibẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ibi tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lé lára kẹ̀kẹ́ yẹ kó gbà wọlé. Ẹni tó bá jókòó síwájú irú tábìlì bẹ́ẹ̀ á jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ní í tó ẹyin, ìyẹn bọ́ọ̀lù eré yìí, tó bá balẹ̀ sítòsí nẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀lù kúkúrú yẹn sì ni alátakò máa ń fi dọdẹ ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Bó bá ti fi oṣù púpọ̀ gbá a báyìí, ọjọ́ tó bá dé ìdíje ló máa mọ̀ pé ibi tí kò tọ́ ni ara òun ti mọ́.

Lókè náà ńkọ́? Láti ilẹ̀ dé ojú tábìlì, 76 sẹ̀ǹtímítà ni. Wọ́n ń lo pláíwúùdù tó nípọn tó bíi 2 sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á wá kan 2×3 lóòró sábẹ́ etí rẹ̀, ìyẹn tún jẹ 7. Ohun tó kù fún itan àti orúnkún ò ju 67 lọ. Ẹ rántí pé òfin gbà kí èèyàn fi tìmùtìmù jókòó, kó ṣáà ti má ga ju 15 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tó lo tìmùtìmù tó ga, pákó á máa ha á nítan. Bó bá sì ń yẹra fún pákó yẹn débi pé ẹ̀yìn itan rẹ̀ gbéra kúrò lórí ìjókòó nígbà tó ń gbá ẹyin, póíńtì ti lọ nìyẹn.

Ẹ ní kí wọ́n bá yín pe wẹ́dà, ẹni tó ń jó irin. Páìpù onígun mẹ́rin oní-ínǹṣì kan ni kí wọ́n fi ṣe férémù, kí ẹsẹ̀ jìnnà sí etí ní 45, kì í ṣe 40 géérégé, torí àṣìṣe téèpù ò jìnnà. Ṣùgbọ́n pláíwúùdù tó yọ síta ní 45 láìsí ohun tó gbé e á máa rọ̀, ẹyin á sì máa kú lórí etí. Nítorí náà, kí páìpù mẹ́ta na gbọọrọ láti inú férémù lọ sí ìparí tábìlì, kó dúró nígbà tó bá ku bíi 5 sẹ̀ǹtímítà. Ínǹṣì kan péré ló máa gbà lábẹ́ ibẹ̀, itan á ráyè.

Ojú ìsopọ̀ pákó ni ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í wò. Ìdajì tábìlì jẹ́ mítà 1.37 ní gígùn àti 1.525 ní fífẹ̀. Pláíwúùdù kan sì jẹ́ 2.44 sí 1.22, kò lè kárí. Ẹ̀là 15 sẹ̀ǹtímítà kan gbọ́dọ̀ wọ inú ìdajì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fẹ́ lo pláíwúùdù méjì péré, ìyókù tí wọ́n gé kù ò gùn tó 1.525, ẹ̀là náà á wá di àlẹ̀mọ́ lórí àlẹ̀mọ́. Ẹ san owó ẹ̀kẹta. Ṣọ́ọ̀bù yìí tún máa ń fi ẹ̀là náà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbá a. Ọ̀dọ̀ nẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó wà. Ẹyin kì í sábà balẹ̀ síbẹ̀, a sì lè fi irin gbé ìsopọ̀ náà nísàlẹ̀ láìdí orúnkún ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọ̀dà wọn dán jù. Ó rẹwà lójú, àmọ́ iná á máa kọ mànà lórí rẹ̀, ẹyin á sì máa yọ̀. Ibi tí èyí ti ń ṣèpalára ni sáàfù, ìyẹn gbígbá tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ póíńtì. Láàárín ẹni méjì tó wà lórí kẹ̀kẹ́, bí sáàfù bá balẹ̀ lọ́dọ̀ alátakò tó sì gba ẹ̀gbẹ́ jáde, tó dúró sórí tábìlì, tàbí tó yí padà sí ọ̀nà nẹ́ẹ̀tì, a kì í kà á, wọ́n á tún un gbá. Lórí ọ̀dà tó ń yọ̀, sáàfù tí wọ́n yí sẹ́yìn á kàn máa yọ̀ lọ jáde ní ìparí, ẹni tó gbá a á rò pé ó dáa. Lórí tábìlì gidi, á padà wálé. Ẹ béèrè ọ̀dà tí kì í dán, kí wọ́n fi sáńpépà ha á dáadáa kí wọ́n tó kùn ún, kí wọ́n sì kun etí pláíwúùdù náà, torí ọ̀rinrin òjò Àkúrẹ́ ń wú u.

Bí tábìlì yìí ṣe wúwo ni mo yìn jù. Ẹgbẹ́ẹgbẹ́ ni wọ́n pín àwọn akàndá tó ń gbá eré yìí sí: ẹgbẹ́ 1 sí 5 ni ti àwọn tó ń jókòó, bí nọ́ńbà bá sì ṣe kéré tó ni agbára ara ṣe ń dín kù tó. Ẹgbẹ́ 4 ni Isau Ogunkunle ti gba àmì ẹ̀yẹ bàbà fún Nàìjíríà ní ìdíje Paralympics ti Paris 2024. Òfin gbà kí wọ́n fi ọwọ́ tí kò mú bátì ti tábìlì lẹ́yìn tí wọ́n bá gbá ẹyin tán, kí wọ́n lè jókòó tọ́ padà, bí tábìlì ò bá ṣáà ti sún. Àwọn tábìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ká máa ń sún. Ti ibí yìí kì í sún rárá. Kí wẹ́dà ṣáà jó bóòtù sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ lè fi tún un ṣe tí ilẹ̀ ò bá tẹ́jú.

Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ò burú. Òfin gbà á fún ìdíje àwọn tó ń jókòó, bẹ́ẹ̀ kò gbà á fún àwọn tó ń dúró. Àyè mítà 8 sí 6 ti tó. Nẹ́ẹ̀tì wọn ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún wọn: etí tábìlì ni wọ́n ń kan òpó rẹ̀ mọ́, ó sì yẹ kó yọ síta ní 15.25 sẹ̀ǹtímítà lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ra èyí tó ń fún mọ́ tábìlì.

Kẹ́ ẹ tó san owó tó kù, ẹ mú rúlà, ẹyin àti kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ kí ẹyin já láti 30 sẹ̀ǹtímítà. Ó yẹ kó ta padà tó bíi 23, kó sì rí bákan náà níbi gbogbo, títí kan orí ìsopọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó máa lò ó fúnra rẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ wọlé títí àyà rẹ̀ á fi súnmọ́ etí tábìlì. Bí irin tàbí pákó kankan bá kàn án lẹ́sẹ̀, ẹ má san án.