Orù Ìyàwó Ilẹ̀ Gíríìsì tí Wọ́n Ń Mọ n'Ìkòròdú: Ẹ Wo Àwòrán Ara Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Ṣọ́ọ̀bù amọ̀kòkò kan lójú ọ̀nà Ṣàgámù n'Ìkòròdú ń mọ loutrophoros tà fáwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ìgbéyàwó. Orù gíga ni, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń pọn omi ìwẹ̀ ìyàwó ní Áténì láyé àtijọ́, láti orísun omi tí wọ́n ń pè ní Enneakrounos. Omi tí wọ́n fi ń fọ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ làwọn oníbàárà ibí ń bù sínú rẹ̀, ìyẹn sì yẹ ẹ́ gan-an.

Iṣẹ́ amọ̀ wọn ò ní àléébù. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń mọ ikùn, ọ̀tọ̀ ni ọrùn. Ìgbà tí méjèèjì bá gan díẹ̀ ni wọ́n tó ń fi ẹrẹ̀ lẹ̀ wọ́n pọ̀. Bí ọ̀kan bá gbẹ ju èkejì lọ, oríkèé ọrùn á sán yípo nínú iná. Ẹ fi ìka kàn án: èyí tó dáa á dún bí agogo. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, ó ti sán níbì kan.

Dúdú ara rẹ̀ ni kò dáa. Ní Áténì, kì í ṣe pẹ́ńtì. Omi amọ̀ kíkúnná ni wọ́n fi ń yà á, ìpele mẹ́ta sì ni sísun rẹ̀: wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ iléru, wọ́n á wá dí i, wọ́n á ki igi tútù bọ̀ ọ́, kí èéfín lè bo ìkòkò nígbà tí ooru bá tó nǹkan bíi 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á tún ṣí i. Ara ìkòkò á padà pọ́n, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n yà ti dì bíi gíláàsì, afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀ ọ́ mọ́, dúdú rẹ̀ ò ní ṣí. Pẹ́ńtì olóòróró ni ṣọ́ọ̀bù yìí ń kùn ún lẹ́yìn sísun. Amọ̀ ń làágùn. Omi tó ń yọ láti inú á ti pẹ́ńtì, á sì máa bó bí èèpo àlùbọ́sà. Èyí tí wọn ò kùn, tí wọ́n fi òkúta dán, ni kí ẹ fi gbé omi. Ẹ gbá a mú níkùn; ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín, ó lè kán.

Àwòrán ló ká wa lára jù. Lára èyí tó ga jù níbẹ̀, àwọn obìnrin káwọ́ lérí yí ẹnì kan tó dùbúlẹ̀ ká. Òkú nìyẹn! Orù yìí kan náà ni wọ́n ń gbé sórí ibojì ẹni tó kú láìṣègbéyàwó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e wọ òde ìyàwó. Ẹ ní kí wọ́n ya ọkọ tó di ìyàwó mú lọ́rùn ọwọ́, tí ẹni tó gbé ògùṣọ̀ ń bá wọn lọ. Ẹ yí ìdí rẹ̀ wò pẹ̀lú: èyí tí ìdí rẹ̀ lu, ti ibojì ni, ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n bá dà fún òkú ń gbà wọlẹ̀.