Doxycycline: kápúsù tó lé ibà eégbọn mi lọ
Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún oògùn yìí. Ọ̀fun mi ló gba ẹyọ kan tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Eégbọn ló fa ibà tó gbé mi dè. Orí ń fọ́ mi bíi pé wọ́n ń fi òòlù lù ú, gbogbo ẹran ara ń ro mí. Amoxicillin ni mo kọ́kọ́ lò fún ọjọ́ 3, pàbó ló já sí. Dókítà kan ló wá ní kí n ká ṣòkòtò sókè. Ó rí egbò kékeré kan lẹ́yìn orúnkún mi, èèpá dúdú lórí rẹ̀, tí kò tilẹ̀ dùn mí rárá! Ó ní Rickettsia nìyẹn, irú bakitéríà kan tí eégbọn ń gbé kiri, pé inú sẹ́ẹ̀lì ara ló ń fara pamọ́ sí, amoxicillin kò sì lè rí i mú níbẹ̀. Kò dúró de èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, torí pé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ èsì náà lè má fi nǹkan kan hàn.

Ó kọ doxycycline 100 mg fún mi, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ọjọ́ 7. Kó tó pé wákàtí 48, ibà ti sá lọ.

Àléébù rẹ̀ rèé: lálẹ́ ọjọ́ kan mo fi omi díẹ̀ gbé e mì, mo sì dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó há mi lọ́fun, ó ta mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ife omi kan gbáko ni kí ẹ fi lò ó, kí ẹ sì jókòó fún ìdajì wákàtí. Oòrùn náà tètè ń jó ẹni tó bá ń lò ó.