Fépù àlòsọnù tàbí fépù àtúnkún: èwo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà?

Ẹ̀yin àgbàlagbà tẹ́ ẹ fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Fépù ni ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń sọ omi kan di èéfín téèyàn ń fà dípò sìgá. Ẹni tí kò mu sìgá rí, kó má dé ìdí méjèèjì, torí pé níkotíìnì inú omi yẹn, èròjà tó wà nínú tábà, máa ń di bárakú.

Àlòsọnù ò ní wàhálà: ẹ tú u nínú ọ̀rá, ẹ fà á. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, tí iná NEPA ò dúró sójú kan, ìyẹn dáa díẹ̀. Àmọ́ bó bá ti tán, owó tuntun ni, bátìrì rẹ̀ sì lè gbiná lórí ààtàn.

Àtúnkún ni mo fara mọ́. Owó rẹ̀ ga níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n omi fépù àti kọ́ìlì (wáyà kékeré tó ń mú omi náà gbóná) nìkan lẹ ó máa rà lẹ́yìn náà. Ìtọ́jú rẹ̀ ló gba sùúrù. Bẹ́ ẹ bá ki kọ́ìlì tuntun bọ̀ ọ́, ẹ rọ omi fépù sí i, kẹ́ ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10 kí òwú inú rẹ̀ rin gbingbin. Bí òwú bá gbẹ, á jó, èéfín kíkorò lẹ ó sì máa fà sọ́fun. Bí wọ́n bá mú iná dé lóru, ẹ má fi í sí ṣájì lórí bẹ́ẹ̀dì kẹ́ ẹ sùn lọ. Májèlé ni omi rẹ̀ fọ́mọdé tó bá gbé e mì. Ẹ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.