Sílíńdà Honda C70 Mi àti Ṣọ́ọ̀bù Ríbọ́ọ̀ Kan Nítòsí Gate, Ìbàdàn

Ọjọ́ tí bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí kọ̀ láti gba owó mi ni mo ti pinnu pé n ó kọ̀wé nípa wọn. Òwúrọ̀ Sátidé ni. Mo gbé sílíńdà Honda C70 dé ọ̀dọ̀ wọn, mo mú písítìnì tuntun dání nínú páálí rẹ̀, mo sì ti ka owó ríbọ́ọ̀, ìyẹn gbígbẹ́ inú sílíńdà kí ó lè gba písítìnì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè. Bàbá kò wo owó náà. Wọ́n ṣí páálí, wọ́n fi àkísà nu òróró ara písítìnì, wọ́n yí orí rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, “Tíṣà, ta ló ta eléyìí fún yín?”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó ni máṣíìnì náà. Tíṣà ni àwọn náà, òun ni wọ́n sì ń gùn lọ sí iṣẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n papò dà, mo bẹ àwọn ọmọ wọn pé kí wọ́n má tà á fún àwọn tó ń ra irin tó ti dẹnu kọlẹ̀. N kò tú ẹ́ńjìnnì rí láyé mi. Mo ya fọ́tò gbogbo nǹkan kí n tó fọwọ́ kàn án, mo di àwọn bóòtì sínú ọ̀rá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì kọ ibi tí mo ti tú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Honda yìí kò nílò kí n tún máa ṣàlàyé gíà mẹ́ta àti kúlọ́ọ̀ṣì tí kì í ṣe ọwọ́ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó gba oṣù méjì lọ́wọ́ mi ni písítìnì tí ìpata ti mú mọ́ inú sílíńdà, tí mo ń da ọ́ìlì sí lójoojúmọ́ títí ó fi yọ̀ǹda ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ Bàbá àti písítìnì tuntun náà. 0.50 ni wọ́n kọ sí ara páálí, ìyẹn iye mílímítà tí ó fi tóbi ju ti àtilẹ̀wá lọ, ṣùgbọ́n 25, tó túmọ̀ sí 0.25, ni wọ́n tẹ̀ sí orí písítìnì tó wà nínú rẹ̀. N kò rí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó tà á fún mi kò sọ ọ́. Bàbá kò sì gbà pé òǹkà orí rẹ̀ nìkan tó ẹ̀rí. Wọ́n fi maikirómítà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ohun tó kéré gan-an, wọn ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní ìdábùú sí ihò tí píìnì ń gbà kọjá, wọ́n ní ibẹ̀ ni písítìnì ti máa ń fẹ̀ jù. Ó jẹ́ mílímítà 47.22. Sílíńdà C70 tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ rí jẹ́ 47.00. Lẹ́yìn náà, wọ́n wọn inú sílíńdà mi lókè, ní àárín àti nísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì níbi kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní kí n fi bírò kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fúnra mi. Òkè ti jẹ dé 47.16, ìsàlẹ̀ wà ní 47.09.

Mo sọ fún wọn pé tí ó bá jẹ́ 47.16 péré ni, písítìnì 0.25 yẹn kúkú ti tó, kí a lò ó bẹ́ẹ̀. Bàbá di ìka mi mú, wọ́n fi rìn lára ògiri sílíńdà láti ìsàlẹ̀ sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n tún fi rìn ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́, ìka mi kọ́ etí kékeré kan lókè, níbi tí ríìngì ara písítìnì kì í dé. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń yọ̀ lọ geere. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ó jẹ. Wọ́n wá ṣàlàyé pé àárín gbùngbùn ni ọ̀bẹ ẹ̀rọ ti ń yí, kí ó sì tó mú ojú ẹ̀gbẹ́ tó jẹ kúrò, ó di dandan kí ó gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí kò jẹ náà, nítorí náà ohun tí yóò lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí a rí. 0.25 kò ní lè mú gbogbo ibi tó jẹ kúrò. 0.50 ni ó yẹ, ṣùgbọ́n àwọn kò ní tan ẹ̀rọ títí písítìnì 0.50 gidi yóò fi wà lórí tábìlì, nítorí pé àwọn kì í gbẹ́ sílíńdà sí ohun tí páálí wí. N kò tíì rí oníṣẹ́ ọwọ́ tó ní sùúrù báyìí fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ rẹ̀.

Wọ́n pe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan, wọ́n gbé maikirómítà fún un nínú àpótí pákó rẹ̀, wọ́n ní kí ó bá mi lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó tajà fún mi ní Gate. Ọmọ náà gbé àpótí náà mọ́ àyà ní gbogbo ọ̀nà. Ẹni tó tajà kọ́kọ́ fárígá pé ọjà tí a bá ti ṣí kì í padà, ó ní bóyá èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà kò bá a jiyàn. Ó kí i, ó ní, “Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọn èyí tó wà lórí káńtà yín.” Páálí àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí, tí 0.50 wà lára rẹ̀, 47.22 ni ó tún gbé jáde. Ariwo dáwọ́ dúró. Páálí kejì jẹ́ 47.47, 50 sì wà lórí písítìnì rẹ̀. Ọkùnrin náà pààrọ̀ rẹ̀ fún mi láìgba kọ́bọ̀ lé e, ó sì bẹ ọmọ náà pé kí ó bá òun wọn àwọn mẹ́fà tó kù kí òun tó tún tà wọ́n fún ẹlòmíràn. A dúró tì í títí ó fi wọ̀n wọ́n tán.

Ká ní mo kọ àgbéyẹ̀wò yìí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyìn nìkan ni ẹ bá kà.

Wọ́n ní kí n wá gba sílíńdà ní Ọjọ́rú. Mo lọ ní Ọjọ́rú, wọ́n ní kò sí iná. Mo lọ ní Sátidé, iná wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ó wà lórí ẹ̀rọ. Ìpè mẹ́rin ni mo pè láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tí ẹnikẹ́ni kò gbé, ọjọ́ méjìlá ni ó sì fi kọjá àdéhùn kí wọ́n tó gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ti kun ara rẹ̀ ní ọ̀dà dúdú, ó ń dán. Mo dúpẹ́, mo rò pé ẹ̀bùn ni.

Nígbà tí mo délé, mo fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ọ̀dà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyẹ́ irin tí atẹ́gùn fi ń mú sílíńdà tutù ti kán, ó fi àlàfo tó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò sílẹ̀. Ojú ibi tó kán ṣì funfun bí irin tuntun. Mo wo fọ́tò tí mo yà kí n tó tú ẹ́ńjìnnì: odindi ni ìyẹ́ yẹn. Irin sílíńdà C70 kò rọ̀, bí ó bá jábọ́ lu sìmẹ́ńtì, yóò kán, mo sì mọ̀ pé ìjàǹbá lè ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọ̀dà yẹn ni n kò lè gbé mì. Ẹnìkan jókòó, ó sì fara balẹ̀ kun ohun tó bàjẹ́ kí n má baà rí i.

Mo gbé e padà, mo sì fi fọ́tò náà han Bàbá. Ojú wọn ni mo fi mọ̀ pé wọn kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀kan péré, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan dọ̀bálẹ̀, ọmọ tó bá mi lọ sí Gate sì ni. Bàbá kò lù ú, wọn kò sì pariwo. Wọ́n dá ₦3,000 padà fún mi nínú owó iṣẹ́, wọ́n ní ìyẹ́ kékeré kan kò ní mú ẹ́ńjìnnì gbóná jù, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, èmi tí wọ́n tó bí lọ́mọ. Ìtìjú bá mi, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi.

Iṣẹ́ gbígbẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ní àléébù kankan. 47.50 ni wọ́n gbẹ́ ẹ dé níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mílímítà 0.03 ni àlàfo tó wà láàárín òun àti písítìnì. Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ inú rẹ̀ bí Bàbá ti kọ́ mi, nítorí pé lẹ́búlẹ́bú òkúta tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ máa ń fara pamọ́ sínú ojú irin. Àkísà funfun jáde ní dúdú lẹ́ẹ̀mejì, ó mọ́ ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo sì fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀ kí ó má baà dípata. Mo kọjú àmì IN orí písítìnì sókè, síbi tí kábúrétọ̀ wà, mo pín ẹnu àwọn ríìngì káàkiri kí wọ́n má ṣe wà lójú kan náà, mo sì ṣètò àlàfo fáàfù sí mílímítà 0.05. Kíìkì kẹsàn-án ni ó dáhùn. Ìyàwó mi sáré jáde láti ilé ìdáná, a dúró, a ń gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá ń ti iṣẹ́ bọ̀.

Mo fún ṣọ́ọ̀bù náà ní 5 nínú 5. Ìyẹ́ tó kán yẹn ṣì ń dùn mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń nu máṣíìnì, n kò sì ní kùn ún. Èéfín díẹ̀ ń jáde bí mo bá kọ́kọ́ tan án láàárọ̀, ó jọ pé fáàfù ló ń jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé, nítorí náà n ó gbé orí ẹ́ńjìnnì náà lọ fún Bàbá ní Sátidé tó ń bọ̀.