Jellyfin láti òde: ètò tó ń sọ ìdí tí fíìmù fi ń há

Mi ò ní kúrò lórí Jellyfin, ìdí kan ló sì ga jù nínú gbogbo ìdí tí mo ní: bí fíìmù bá ń há nígbà tí mo wà níta, ó ń sọ ohun tó fà á. Kì í fi èèyàn sílẹ̀ kó kàn máa wo àmì róbótó tó ń yí láàárín ojú fóònù. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti wo ohun tó wà lórí server ilé rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó kó fíìmù rẹ̀ sí, láti ìlú mìíràn á mọ bí ìyẹn ti ṣe pàtàkì tó. Nínú ilé, gbogbo nǹkan á máa lọ geere. Kéèyàn jáde báyìí, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró gbagidi, kò sì ní sí ẹni tó lè sọ bóyá íntánẹ́ẹ̀tì ni, bóyá kọ̀ǹpútà ni, bóyá fíìmù náà fúnra rẹ̀ ni.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ètò orí kọ̀ǹpútà ni Jellyfin. Ó máa ń to fíìmù, orin àti fọ́tò èèyàn jọ, á sì máa gbé wọn lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, fóònù àti bùráwúsà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018 ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn tó ni Emby, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, pinnu pé àwọn ò ní fi kóòdù àwọn han gbogbo ayé mọ́. Àwọn kan mú èyí tó ti wà ní gbangba tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ lórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ibì kankan tí wọ́n ti máa ní kéèyàn sanwó kó tó kọjá. Lójú tèmi, nǹkan ńlá ni èyí, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé láti ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2025, Plex, tí òun náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ti fi wíwo fídíò ara ẹni láti òde sí ara ohun tí wọ́n ń gbowó lé.

Ibi tó ti wúlò jù fún mi rèé. Fídíò ìgbéyàwó àbúrò mi wà lórí server mi, fóònù la fi ká a. Ìyá mi ń gbé níbòmíràn, wọ́n sì fẹ́ máa wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n wọn, ṣùgbọ́n kò lọ. Bí wọ́n ṣe ń wò ó lọ́wọ́, mo ṣí Dashboard, ojú ìwé tí Jellyfin ti ń fi ohun tó ń lọ lórí server hàn, níbi tí mo wà. Mo rí orúkọ wọn, mo rí orúkọ tẹlifíṣọ̀n náà, mo sì tẹ àmì «i» kékeré tó wà lára rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé transcode ni server ń ṣe, torí pé tẹlifíṣọ̀n náà kò gba HEVC. HEVC ni ọ̀pọ̀ fóònù ìsinsìnyí fi ń ká fídíò kí fáìlì má bàa tóbi jù, tẹlifíṣọ̀n tó bá ti dàgbà díẹ̀ kò sì mọ bó ṣe máa tú u. Server wá ní láti tú fídíò náà palẹ̀ kó tún un dì sí H.264, irú tí tẹlifíṣọ̀n náà mọ̀, bí ìyá mi ṣe ń wò ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí yẹn ni iye àwòrán tó ń rí dì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan wà: 17. Fídíò náà sì ń fẹ́ 30. Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn. Kò sí bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe lè yá tó, ohun tí server kò tíì dì tán kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò ó.

Mo lọ sí apá Playback, mo tan Quick Sync. Ó wà lára ọ̀pọ̀ chip Intel láti ọdún 2011, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tú fídíò kó sì máa dì í lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó fún HEVC oní-bit 10, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kún ju ti lásán lọ, kó wá chip ìran keje tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, torí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò gbé e dáadáa. Lẹ́yìn èyí, iye àwòrán náà fò kọjá 100, ìyá mi sì wo ìgbéyàwó ọmọ wọn dé òpin.

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù náà máa ń fa irú wàhálà yìí, púpọ̀ èèyàn kì í sì í fura sí i. Èyí tó bá wá láti orí díìsì Blu-ray sábà máa ń jẹ́ PGS, àwòrán sì ni PGS, kì í ṣe lẹ́tà. Bí áàpù tí èèyàn fi ń wò ó kò bá lè gbé àwòrán yẹn ka orí fíìmù fúnra rẹ̀, server á ní láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ìyẹn ni pé á tún gbogbo fíìmù dì nítorí ìlà ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ pa ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ náà, kí ẹ tún fíìmù bẹ̀rẹ̀. Bó bá lọ, ẹ ti rí i mú. Fáìlì SRT, tó jẹ́ lẹ́tà lásán, kì í dá irú wàhálà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Bí Dashboard bá wá sọ pé Direct Play ni, pé bí fáìlì ṣe wà ló ń lọ láìsí àtúnṣe, tí fíìmù sì ń há síbẹ̀, a jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ wà. Iye tí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì máa ń kọ gàdàgbà síta ni iye tó ń wọlé. Ẹni tó ń wo server ilé láti òde, iye tó ń jáde nílé ló ń lò, ìyẹn sì lè jẹ́ ìdá mẹ́wàá èyí tó ń wọlé. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Fíìmù wákàtí 2 tí fáìlì rẹ̀ jẹ́ GB 9 ń fẹ́ Mbps 10 (mílíọ̀nù bit 10 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) ní ìpíndọ́gba: ẹ sọ GB 9 di MB 9,000, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 8, kí ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá 7,200 pín in. Ìpíndọ́gba nìyẹn o. Níbi tí ìjà tàbí òjò bá wà nínú fíìmù, á fò sókè dáadáa. Fídíò orí Blu-ray lásán lè dé Mbps 40, ti 4K sì lè dé 128. Ilé tó ń rí Mbps 10 jáde kò lè gbé ìyẹn, kò sí ètò tó lè ṣe é fún un. Ohun tí Jellyfin fún wa níbí ni òdiwọ̀n fún wíwò láti òde, ìyẹn iye Mbps tí fíìmù kò gbọ́dọ̀ kọjá. Èmi máa ń fi í sí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ohun tó ń jáde nílé, kí ó lè ṣẹ́kù díẹ̀ fún àwọn tó kù.

Jellyfin kò ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà jáde nílé, ẹ̀yin lẹ máa la ọ̀nà yẹn. Kéèyàn ṣí pọ́ọ̀tù 8096, ẹnu ọ̀nà tí Jellyfin ń gbà, sílẹ̀ gbayawu sí gbogbo ayé kò dára, torí ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá wà ní gbangba, ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà lè kà á. Tailscale ni mo ń lò, ètò tó ń so àwọn ẹ̀rọ èèyàn pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó dúró lórí WireGuard, tó ń fi dátà pamọ́ lójú ọ̀nà. Ó máa ń so fóònù àti server pọ̀ tààrà bó bá lè ṣe é. Bí kò bá lè ṣe é, á gba orí kọ̀ǹpútà alárinà tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò, ibẹ̀ ni fíìmù ti máa ń fà bí ìgbín. Ẹ kọ «tailscale status» sórí server nígbà tí fíìmù ń lọ. Bí ẹ bá rí «direct», ẹ lọ wá ẹ̀bi síbòmíràn. Bí ẹ bá rí «relay», ẹ ti mọ ẹni tó ń dá yín dúró. Ṣíṣí pọ́ọ̀tù UDP 41641 lórí ráútà sábà máa ń tú u, àfi bó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kó ọ̀pọ̀ ilé jọ sábẹ́ àdírẹ́sì kan. Ẹ wo àdírẹ́sì tí ráútà gbà láti ìta: bó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, bó ṣe rí nílé yín nìyẹn.

Ọ̀kan ṣì kù tí mo fẹ́ràn láti sọ fún ẹni tó jìnnà gan-an sí server rẹ̀. Ọ̀nà lè fẹ̀, kó jẹ́ tààrà, síbẹ̀ kí fíìmù máa há, torí pé dátà díẹ̀díẹ̀ ń sọnù lójú ọ̀nà jíjìn, server á sì gbà pé èrò ti pọ̀ jù, á dẹsẹ̀. CUBIC, ìlànà tó ń pinnu bí dátà ṣe máa yára jáde, tí Linux ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. BBR, ìlànà mìíràn tí Google gbé jáde ní 2016, máa ń wọn ọ̀nà fúnra rẹ̀ dípò kó máa ka gbogbo ìsọnù sí ẹ̀bi, ó sì wà nínú Linux láti ẹ̀yà 4.9. Orí server nìkan lẹ máa ti yí i padà. Ẹ kò ní fọwọ́ kan ohunkóhun lọ́dọ̀ ẹni tó ń wò ó.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé orí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni èèyàn ti ń yan bí àwòrán ṣe máa dára tó. Ta ló fẹ́ máa pe àgbàlagbà lórí fóònù pé «ẹ tẹ ibí, ẹ tẹ ọ̀hún»? Mo fi òdiwọ̀n sí orúkọ ìyá mi láti orí server, ó sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan tó dúró lójú kan ni, kò mọ ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn yá àti ìgbà tó fà. Bí àwọn tó ń ṣe Jellyfin bá lè jẹ́ kí àwòrán máa lọ sókè kó máa wá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí fíìmù ṣe ń lọ lọ́wọ́, mi ò tún ní nǹkan mìíràn láti béèrè lọ́wọ́ wọn.