Páálí wáyà amplifier "4 gauge, 1500W": ohun tó ṣeé lò nínú rẹ̀ àti ohun tí ẹ máa pààrọ̀

Bí wúfà bá wọnú búùtù tí kò dún bó ṣe yẹ, wúfà la máa ń bú, a tún máa ń bú amplifier. Lọ́pọ̀ ìgbà, iná ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Wáyà tó ń gbé iná náà lọ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí òun ni wọ́n máa ń jù mọ́ ọjà fún wa bí èènì, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í tú wò.

Páálí yìí wà káàkiri Ladípọ̀ àti Alábà. Wáyà pupa mítà 5 ló wà nínú rẹ̀, wáyà dúdú tí kò tó mítà kan, wáyà búlúù tín-ín-rín fún remote (òun ló ń jẹ́ kí rédíò tan amplifier), RCA mítà 5 (wáyà tó ń gbé ohùn láti rédíò lọ sí amplifier), wáyà sípíkà, ilé fíúsì kan pẹ̀lú fíúsì onígíláàsì 80 A, àti àwọn orí wáyà olóruka. Wọ́n kọ 4 gauge sí i lára (gauge ni nọ́ńbà ìnípọn wáyà: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni wáyà ṣe nípọn tó), wọ́n sì kọ 1500W. Inú Toyota Corolla ni mo ti dán an wò, pẹ̀lú amplifier mono class D tó ń mú 500W RMS (agbára tó lè máa mú jáde láìdáwọ́ dúró) jáde lórí 2 ohm (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí wúfà ṣe ń dènà iná tó), àti wúfà ínṣì 12 kan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí wáyà pupa. Ẹ fi abẹ bó orí rẹ̀, ẹ mú okùn tín-ín-rín kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kí ẹ fi ẹnu abẹ ha á. Ó pọ́n lóde bíi bàbà, ṣùgbọ́n bí abẹ bá ha á lẹ́ẹ̀mejì, funfun bíi fàdákà ló máa yọ. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, èyí tí wọ́n ń pè ní CCA. Bí ẹ bá ṣáná sí i, okùn alumíníọ̀mù á rọ, á já bọ́; bàbà gidi kàn máa pọ́n ni, á wá dúdú. Ẹni tí kò fẹ́ ṣáná nínú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì lè gbé e sórí ìwọ̀n. Mítà 5 wáyà bàbà 4 gauge máa ń sún mọ́ kílò kan láìka rọ́bà mọ́ ọn. Èyí kò tó ìdajì kílò tòun ti rọ́bà ẹ̀.

Rọ́bà ló sì nípọn níbẹ̀. 4 gauge gidi gbọ́dọ̀ ní irin tó tó 21 mm² nínú. Nígbà tí mo wọn ìdì okùn inú wáyà yìí, kò ju mílímítà 5 lọ ní ìbú, àlàfo àárín okùn sì wà nínú ìyẹn, tó fi jẹ́ pé 6 gauge ló sún mọ́ jù. Nǹkan méjì ló dín in kù nígbà náà: irin ẹ̀ kéré, irin ọ̀hún sì ń dènà iná tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ ti bàbà.

Kí ni ìyẹn já sí? Amplifier class D máa ń sọ nǹkan bíi 80% iná tó gbà di ohùn, ìyókù á di ooru. Kí ó tó mú 500W jáde, ó máa gba 625W wọlé, èyí tó jẹ́ 45 A bí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lórí 13.8 V. Ẹ gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná sórí DC, ẹ fi ẹnu kan sórí ìdí pọ́sítíìfù bátìrì, ẹ fi èkejì sórí ìdí pọ́sítíìfù amplifier, kí ẹ wá ta ohùn 50 Hz (ohùn bass kan ṣoṣo tí kì í yí padà) fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Iye tí ẹ bá rí ni fólítì tó sọnù lójú ọ̀nà. Lórí wáyà páálí yìí, ó tó 0.4 V. 4 gauge bàbà gidi kò ní ju 0.2 V lọ. Fún 500W, 0.4 V ṣì ṣeé fara mọ́. Ẹni tó bá gbé 1000W kọ́ ọ máa pàdánù ìlọ́po méjì rẹ̀, wáyà náà á sì máa gbóná lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ní ti 1500W tí wọ́n kọ sára páálí, ìyẹn á gba iná tó ju 130 A lọ. Irọ́ gbáà ni. Ẹ má kà á sí.

Ilé fíúsì ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sọ nù. AGU ni wọ́n ń pe fíúsì onígíláàsì inú rẹ̀. Orí irin rẹ̀ méjèèjì kì í jókòó dáadáa, ibi díẹ̀ ló fi ń kan ilé rẹ̀, ibi tí irin ò bá sì ti kan ara wọn dáadáa ló ti ń gbóná. Nígbà tí mo fi ẹnu mítà síwá sẹ́yìn rẹ̀, 0.15 V ló sọnù síbẹ̀ nìkan. Ó jọ nǹkan kékeré lójú, àmọ́ ẹ fi 45 A sọ ọ́ di púpọ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7W ooru, nínú ike tí kò ju àtàǹpàkò lọ, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti gbóná tẹ́lẹ̀. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ike tó mọ́ roro náà á di aláwọ̀ ṣúgà jíjó níbi tí síkúrúù ti di wáyà mú, ẹnu ihò rẹ̀ á sì wọ́. Fíúsì kò ní já o, torí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kò pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ rìwáyà fi máa ń wá ẹ̀bi náà sínú amplifier, tí wọn ò sì ní rí i.

Mini-ANL ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi bóòtì dè mọ́lẹ̀. Ẹ mú fíúsì 60 A, ẹ má mú 80 A tó bá páálí wá, nítorí wáyà ni fíúsì yìí ń dáàbò bò. Amplifier ní fíúsì tirẹ̀ lára. Wáyà tó tín-ín-rín báyìí lè gbóná débi tí rọ́bà ẹ̀ á fi yọ́ kí 80 A tó já. Kí ibi tí fíúsì wà má ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ sí bátìrì. Gbogbo wáyà tó wà ṣáájú fíúsì kò ní ààbò kankan: bí irin bọ́dì bá gé rọ́bà rẹ̀, bátìrì á tú gbogbo agbára rẹ̀ sí ojú kan, ọkọ̀ lè jóná. Nítorí náà, níbi tí wáyà bá ti gba ara páànù wọnú ọkọ̀, rọ́bà oníhò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun rárá, ẹ fi sípánà 10 tú ìdí nẹ́gátíìfù bátìrì, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wáyà dúdú ti earth, èyí tó ń so amplifier mọ́ irin bọ́dì ọkọ̀, gùn jù. Ẹ gé e kù sí sẹ̀ǹtímítà 45. Ẹ má dè é mọ́ bóòtì bẹ́líìtì ìjókòó. Ẹ wá irin bọ́dì tó nípọn nínú búùtù, ẹ fi sáńpépà ha ọ̀dà rẹ̀ títí irin á fi máa dán, kí ó fẹ̀ ju orí olóruka lọ. Bí ẹ bá dè é tán, ẹ fi gíríìsì bò ó, kí ọ̀rinrin má bàa dípẹtà síbẹ̀. Ẹ wọn òun náà bí ẹ ṣe wọn ti pọ́sítíìfù, láti nẹ́gátíìfù bátìrì dé nẹ́gátíìfù amplifier. Bí ó bá ń pàdánù ju 0.2 V lọ, ọ̀dà ṣì kù níbẹ̀, tàbí kẹ̀ wáyà tó so bátìrì mọ́ bọ́dì ti gbó.

Wáyà remote dára, ẹ lò ó. Búlúù oníla funfun lẹ́yìn rédíò ni ẹ máa so ó mọ́. Wáyà sípíkà inú páálí tín-ín-rín jù fún wúfà. 12 gauge bàbà ni kí ẹ rà, mítà kan ti tó nínú búùtù. Tí wúfà yín bá ní kọ́ìlì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4 ohm, pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gátíìfù mọ́ nẹ́gátíìfù, ẹ ti dé 2 ohm nìyẹn.

RCA rẹ̀ ṣeé lò bí ẹ bá mú un gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀, jìnnà sí wáyà iná. Bí wọ́n bá jọ gba ojú kan náà, ẹ lè máa gbọ́ ohùn kan tó ń hu bíi yànmùyánmú, tó ń ga sí i bí ẹ ṣe ń tẹ ọkọ̀. Ẹ yọ RCA lẹ́yìn amplifier nígbà tí ohùn náà ń hu. Bí ó bá dákẹ́, ọ̀dọ̀ rédíò tàbí RCA ni wàhálà wà. Bí kò bá dákẹ́, ẹ padà sídìí earth.

Gain, ìyẹn bọ́tìnì tó ń mú amplifier bá agbára ohùn tó ń ti rédíò wá mu, kì í ṣe volume. Ẹ tú wúfà kúrò, ẹ dá bass boost padà sí òdo, ẹ gbé LPF (èyí tó ń dí ohùn tó ga ju bass lọ) sí 80 Hz, kí ẹ ṣí rédíò dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ ta ohùn 50 Hz, kí ẹ gbé mítà sórí AC lẹ́nu ihò sípíkà amplifier. Ẹ máa yí gain díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí 31.6 V, kí ẹ dúró síbẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ nìyí: ẹ fi 500W sọ 2 ohm di púpọ̀, ẹ wá gbòǹgbò onílọ́po méjì rẹ̀.

Àwọn ọlọ́jà á fẹ́ ta capacitor 1 farad, ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́ fún amplifier, mọ́ ọn fún yín. Ẹ fowó yín pamọ́. Láti 14 V sọ̀ kalẹ̀ dé 12 V, agbára tó lè tú sílẹ̀ kò ju joule 26 lọ, amplifier tó ń gba 625W á sì gbé ìyẹn mì kí ẹ tó ṣẹ́jú. Bí iná iwájú bá ń ṣẹ́jú pẹ̀lú ìlù, ẹ wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́: ó yẹ kó wà láàárín 13.8 V sí 14.4 V. Bí ó bá ń já sí 12.5 V, ẹ fi wáyà bàbà tó nípọn kún àwọn mẹ́ta yìí: alternator sí bátìrì, bátìrì sí bọ́dì, ẹ́ńjìnì sí bọ́dì.

Alumíníọ̀mù máa ń rọ̀ lábẹ́ síkúrúù, bó bá sì ti rọ̀, ìdè ọjọ́ àkọ́kọ́ á tú díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tú ìdí bátìrì, kí ẹ tún gbogbo síkúrúù náà fún: ti fíúsì, ti amplifier, ti earth. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun lẹ́nu wáyà, ẹ gé ibẹ̀ kúrò, ẹ bó tuntun, kí ẹ fi orí olóruka tuntun tẹ̀ ẹ́ pa.